Ta Ló Ṣáájú Láàrin Àwọn Ọba Èkìtì?

Ní ọdún 2019, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí yan Aláwẹ̀ ti Ìlawẹ̀-Èkìtì ṣe alága ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ọba 16 tí à ń pè ní Pẹ̀lúpẹ̀lú nínú, Èwí ti Adó wà lára wọn. Wọ́n ní ipò alága kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú àwọn, wọ́n sì gba kóòtù lọ. Nígbà tó di 2020, ìjọba kọ̀wé sí ọba 11 pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn kì í fi í yọjú síbi ètò ìjọba.

N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ló jẹ mí lógún: kí la ń sọ gan-an tí a bá ní ẹnì kan ṣáájú ẹnì kan?

Lọ́jíìkì ní òfin méjì fún un. Bí A bá ṣáájú B, tí B ṣáájú D, dandan ni kí A ṣáájú D. Bẹ́ẹ̀ ni A kò lè ṣáájú B kí B tún ṣáájú A. Ọjọ́ orí pa òfin yìí mọ́, ọjọ́ ìgorí-ìtẹ́ náà pa á mọ́.

Ìgbà tí òṣùwọ̀n bá di méjì ni wàhálà dé. Ẹ wo ìyàwó tuntun nínú agbolé kan l'Ádó. Ó lè ti pé ọmọ ọdún 35, kí àbúrò ọkọ rẹ̀ má ju 15 lọ. Síbẹ̀, kò ní pe ọmọ náà lórúkọ. "Akọ̀wé" tàbí "Adúmáadán" ni yóò máa pè é, torí ọmọ náà ti wà nílé kí òun tó wọlé. Ọjọ́ orí fi ìyàwó ṣe ẹ̀gbọ́n, ìwọlé fi ọmọ ṣe é. Bí a bá ní àfi ẹni tó borí níhà méjèèjì ló ṣáájú, kò sẹ́ni tó ṣáájú nínú wọn, wọn kò sì dọ́gba. Felix Hausdorff, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ nípa irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1914. Ìwọlé ni àṣà tiwa mú, ó sì jẹ́ kó hàn sí gbogbo ilé.

Ti àwọn ọba le ju èyí lọ. Ìgbà tí wọ́n tẹ ìlú dó wà níbẹ̀, orírun adé wà níbẹ̀, ọdún tí kábíyèsí ti lò lórí ìtẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó borí nínú ọ̀kan lè gbẹ̀yìn nínú òmíràn. Lójú tèmi, ó yẹ kí ará Èkìtì gbọ́ òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ẹni tí a yàn. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ipò náà ń yí kiri, ọ̀rọ̀ àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́: ẹni tó kàn lónìí yóò tún padà sẹ́yìn, títí yóò fi tún kàn án.