Patanmọ́, Bàbá Ọkọ Rẹ Ti Dé

Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀bá pápá ìṣeré Líbátì la máa ń gbà wálé láti iléèwé, ní Òkè Àdó, n'Ìbàdàn níbí. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí pápá náà. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́kadà, Líbátì náà ni yóò pè é. Nídìí ògiri ibẹ̀, níbi tí koríko ti dí, la máa ń lóṣòó sí. A ó na ìka kan sí ewé wínníwínní kan, a ó ní kó tètè patan mọ́, bàbá ọkọ ẹ̀ ti dé. Ewé á sì patan mọ́ lóòótọ́, méjì-méjì, títí ẹ̀ka rẹ̀ á fi wó sílẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ.

Patanmọ́ ni à ń pe ewé náà: pa itan mọ́. Àṣẹ ni, kì í ṣe orúkọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní paìdímọ́, ìyẹn gan-an ò sì fi bò rárá. Àwọn ará Íńdíà ní onítìjú ni. Ní Puerto Rico, mo kú, mo tún yè, ni wọ́n sọ ọ́. Tiwa ni mo mọ̀ tó jẹ́ ìbáwí. Bí mo bá jókòó játijàti lórí bẹ́ǹṣì, ìyá mi kì í pariwo. "Patanmọ́!" ni yóò wí, ẹsẹ̀ mi á sì pàdé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin na ẹsẹ̀ káàkiri ilé. Kò sí ewé kankan tí wọ́n fi pè wọ́n.

Koríko ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà nílẹ̀ ni, òdòdó rẹ̀ róbótó bí òwú tí wọ́n fi àwọ̀ èsè àlùkò kùn. Amẹ́ríkà ti apá gúúsù àti àárín ni orírun rẹ̀. Linnaeus, onímọ̀ ewéko, sọ ọ́ ní Mimosa pudica ní 1753. Onítìjú náà ni pudica. Àjèjì ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú àpò àwọn oníṣègùn wa.

Kò yà mí lẹ́nu. Pierre Fátúmbí Verger, Faransé tó di babaláwo, tó kọ ìwé Ewé tó jáde ní 1995, ti ṣàlàyé pé orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe sábà máa ń bá ara wọn dún. Kí wá ni ewé tó ń jẹ́ patanmọ́ lè ṣe bí kò ṣe kó pa nǹkan mọ́? Egbò tó kọ̀ tí kò san. Inú tó ń ṣu gbuuru. Ìyàwó tí ọkọ ń ṣọ́. Ẹnu ọ̀tá ní kóòtù. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan sọ fún mi pé bó bá jẹ́ ti ẹnu ayé ni, àfẹ̀mọ́jú ni kí n já a, kí n sì ti wí tẹnu mi tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Bó bá fi lè pa dé ṣáájú ọ̀rọ̀ mi, kí n máa lọ sílé, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹnu tí wọ́n bá pa dé náà ò ní là lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá bíi ti ewé?"

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwé ẹ ti pọ̀ jù."

Ti ẹnu ọ̀tá, n ò gbà. Ti egbò, n ò lè fi ṣẹ̀sín, nítorí àwọn ará Íńdíà tí kò gbọ́ Yorùbá náà ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ àti jẹ̀díjẹ̀dí. Àgbo rẹ̀ nìkan ni n kì í mu: ó ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní mimosine, tó máa ń mú kí irun ẹran re bí wọ́n bá jẹ ẹ́ jù.

Mo gbin ọ̀kan sínú ike ọ̀dà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣù kan gbáko, kò hù. Èèpo èso rẹ̀ ló le. Ìgbà tí mo rẹ òmíràn sínú omi gbígbóná mọ́jú ló tó yọ orí. Oòrùn ló fẹ́, omi níwọ̀nba. Kò fẹ́ ajílẹ̀ púpọ̀, bíi ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ń rí oúnjẹ látinú afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án ṣáá: omi tó wà ní oríkèé ewé ló ń sá kúrò tó fi ń kákò, bó bá sì ti kákò, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn jẹ. Bílẹ̀ bá ṣú, yóò pa dé fúnra rẹ̀. Ní 1729, Faransé kan, de Mairan, gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn, ó ṣì ń là ní àsìkò tó ń là. Kò sí bàbá ọkọ kankan níbẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún méje, wá kí wa ní ìsinmi tó kọjá. Ó fọwọ́ kan ewé, mo kọ́ ọ ní ohun tí à ń wí. "Bàbá ọkọ ta ni?" Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ya ẹsẹ̀ gbàgà, ó ń dúró kó là. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo itan ọmọ náà. Mo rí i tí ẹnu wọn mì. Ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè pé kí a dákẹ́, ewé kan ti ń là.