Kí Olùrà Tó Sanwó Ilé Titun

Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti àwọn àdúgbò àtijọ́ mìíràn ní Ìbàdàn, ilẹ̀ tí a kò kọ́lé sí rí ṣọ̀wọ́n. Àlàpà ilé alámọ̀ ni wọ́n sábà máa ń wó kí wọ́n tó kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti bèèrè ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kànga àti ṣáláńgá wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé láyé àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pàǹtí ni wọ́n fi dí i, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀, apá kan ilé yóò rì, ògiri yóò sì lanu. Àwọn àgbà agbo ilé ni kí olùrà bi léèrè, kì í ṣe ẹni tí ń tà á.

Kì í ṣe gbogbo ògiri tí ó sán ni ó léwu. Èyí tí ó rí tín-ín-rín bí irun, gbígbẹ sìmẹ́ǹtì ni ó sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí ó ń gòkè bí àtẹ̀gùn, tí ó sì hàn nínú àti lóde, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ ti yẹ̀. Kí olùrà fura sí ojú kan ṣoṣo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà lára ògiri tí ó ti gbẹ. Kí ó fi ìṣó ha búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́ lẹ́yìn ilé. Bí ó bá ń dà sílẹ̀ bí gààrí, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ó dára jù láti lọ wo ilé. Orí òkè ni Mápó wà, omi a sì máa ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ìbàdàn kò gbàgbé àgbàrá Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Kí olùrà wo ibi tí gọ́tà ń da omi sí, bóyá ẹsẹ̀ ògiri rin, àti bóyá omi ti kán sí àjà.

Ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Ní Ìkọ̀tún, ní Èkó, ilé alájà púpọ̀ kan wó ní ọdún 2014, ènìyàn 116 sì kú. Ìwádìí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2015 fi hàn pé àbùkù ìkọ́lé ni ó fà á. Kí olùrà bèèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí ó sì ka iye àjà tí ìjọba fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, kí ó mú bíríkìlà àti káfíńtà tí kò bá wọn kọ́ ilé náà wá. Bí onílé kò bá jẹ́ kí wọ́n gun òkè àjà, kí olùrà má tíì sanwó.