Ọgbọ́n Aláró Nínú Àyẹ̀wò Ibà

Ẹni tó bá mọ Òṣogbo ìlú aró yóò ti rí àwọn ìyá wa tí ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú níbẹ̀; ibi tí kò dé nìkan ni aró yóò dì mọ́. Ọgbọ́n tó jọ èyí ni ó wà nínú ike pẹlẹbẹ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ibà ní ilé ìwòsàn, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà.

Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ike náà, a sì ti fa ìlà tín-ín-rín sí i lára. Kì í ṣe tàdáwà ni a fi fà á, bí kò ṣe purotéènì tí à ń pè ní antibody, irú èyí tí ara fi ń bá àrùn jà. Ó lẹ̀ mọ́ ọ̀já náà tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò lè gbé e lọ, ohun kan pàtó ni ó sì ń gbá mú.

Kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa, Plasmodium falciparum, a máa tú purotéènì kan, HRP2, sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá kán ẹ̀jẹ̀ àti omi àyẹ̀wò sínú ike, HRP2 yóò dì mọ́ ẹyọ wúrà wínníwínní tí a fi antibody bò. Wọn yóò jọ ṣàn lọ títí ìlà T yóò fi gbá wọn mú. Wúrà tó kóra jọ síbẹ̀ ni à ń rí bí ìlà pupa. Ìlà C ni ẹlẹ́rìí pé ike ṣiṣẹ́; bí kò bá hàn, èsì náà kò ṣeé gbà gbọ́.

Ní ilé ìwádìí ńláńlá, àwọn onímọ̀ ń ya irú ọnà yìí sórí gíláàsì, ní ìwọ̀n tó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ. Wọn a máa fi ohun tí purotéènì kì í lẹ̀ mọ́ bo àyè tó kù, bí aláró ti ń fi ẹ̀kọ ṣe, kí ohun mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ má baà lẹ̀ síbẹ̀ kí ó sì ṣi wá lọ́nà.

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ̀ wá pé kí a ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo oògùn ibà. Kì í ṣe ibà nìkan ní ń mú ara ọmọ gbóná. Bí ìlà T kò bá hàn, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ohun tó ń ṣe é. HRP2 sì lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìwòsàn. Nítorí náà, ìlà pupa nígbà náà kò fi dandan túmọ̀ sí pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì ṣe fi ike náà sínú oòrùn, nítorí ooru a máa ba purotéènì jẹ́.