Òróró Ẹja Kì Í Wo Gẹ̀gẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lónìí nípa hóró oògùn kan tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, tí àwọn olóògùn ń gbé nínú ọkọ̀ ojú omi láti Igbókọ̀dá wá bá wa ní Òde-Ugbò. Òróró ẹja ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ń mú ojú ríran, ó ń mú orókún le. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tó mú mi kọ̀wé ni pé wọ́n tún ń sọ fún àwọn obìnrin wa pé ó ń wo gẹ̀gẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń mu ún kò tún nílò oògùn dókítà mọ́.

Ẹ rò ó wò ná. Àwa Ìlàjẹ tí ń da àwọ̀n sínú òkun, tí ń yan ṣáwá, tí ń sá edé, àwa náà ni a ń kó owó ẹja tí a tà fún àwọn ará òkè lọ ra òróró ẹja tó ti òkè òkun wá!

Ní iwájú ọrùn olúkúlùkù wa, nísàlẹ̀ gògóńgò, ẹran kékeré kan wà tó na apá sọ́tùn-ún àti sósì bí labalábá. Táírọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń ṣe omi kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara, omi yìí ni ó sì ń sọ fún ara bí yóò ti yára tó lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá kéré, òtútù a máa mú ènìyàn nígbà tí oòrùn ń ràn, a máa rẹ̀ ẹ́, yóò máa sanra láìjẹun púpọ̀, ìgbẹ́ a máa há a, nǹkan oṣù obìnrin a sì máa pọ̀ jù tàbí kí ó ṣe ségesège. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà a máa lù kìkì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ènìyàn a rù, ojú ẹlòmíràn a sì yọ síta. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe irú èyí ní iṣẹ́ ọmọ aráyé. Níbi tí a kò bá ti mọ orúkọ àrùn, orúkọ aládùúgbò ni a máa ń dá.

Ohun tí táírọ́ìdì fi ń ṣe omi yìí ni áyódìn, èròjà kan tó wà nínú omi òkun. Àgbàlagbà kò nílò ju 150 máíkírógíráàmù lọ lóòjọ́, aboyún nílò 250. Èyí tí ènìyàn yóò lò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò kún ṣíbí tíì kan. Ẹja òkun àti edé ní i nínú ẹran ara wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: nínú ẹran ara ni, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bá ti fún òróró lára ẹja tí wọ́n sì ti sẹ́ ẹ, áyódìn tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣáwá yíyan kan tí ọmọ yín jẹ lánàá ṣe ọrùn rẹ̀ láǹfààní ju hóró òróró lọ.

Òróró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní omega-3 lè dín irú ọ̀rá kan kù nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín òróró ẹ̀dọ̀ ẹja fún àwọn ọmọdé kí eegun wọn má baà wọ́. Ti eegun nìyẹn. Òróró ẹ̀dọ̀ yìí tún ní fítámì A púpọ̀, aboyún tó bá sì ń mu ún lámujù lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ léṣe.

Àwọn ilẹ̀ òkè tó jìnnà sí òkun ni gẹ̀gẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódìn sínú iyọ̀ ní 1922, Michigan ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1924, Nàìjíríà sì gbé ètò tirẹ̀ dìde ní 1993. Ṣùgbọ́n kí ará etí òkun má fọ́nnu. Ní 1967, Dókítà Ekpechi kọ̀wé lórí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ó sì tọ́ka sí ẹ̀gẹ́. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ pé, bí a kò bá rẹ ẹ́ tó, yóò yí padà nínú ara, yóò sì dí áyódìn lọ́nà. Púpurú tí a rẹ dáadáa tí a sì yan lórí iná kò yẹ kó bà wá lẹ́rù, nígbà tí ẹja bá wà nínú ọbẹ̀. Ilé tí gbogbo ẹja rẹ̀ ń lọ sọ́jà, tí àwọn ọmọ ń fi ọbẹ̀ lásán jẹ púpurú tí a kánjú ṣe, ni mo ń bá wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ti ọmọ sílẹ̀ kí ẹ tó di apẹ̀rẹ̀.

Iyọ̀ òkun lásán kò ní áyódìn tó. Ẹ wo ara àpò kí ẹ rí ọ̀rọ̀ náà “iodized”. Ní ilẹ̀ omi wa tí iyọ̀ ti ń yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ dà á sínú ohun èlò tó lómọrí, kí ó jìnnà sí ààrò àti oòrùn, kí ẹ sì fi sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó jinná. N kò ní kí ẹ máa da iyọ̀ sí i jù, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níbẹ̀.

Aboyún ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ inú kò tíì lè ṣe omi táírọ́ìdì tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń dàgbà. Obìnrin tí dókítà bá ti fún ní levothyroxine, tó wá pa á tì nítorí òróró ẹja, ọpọlọ ọmọ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Inú òfìfo ni a ń lo oògùn yìí, pẹ̀lú omi lásán, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún a máa dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn. Ní oṣù Ràmàdánì, àwọn kan a máa lò ó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, nígbà tí oúnjẹ ìṣínu bá ti dà tán, àwọn mìíràn a sì jí lò ó ṣáájú sàárì. Ẹ bi dókítà yín kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Ó ku ohun kan tó kan àwa Mùsùlùmí. Gelatin ni awọ rírọ̀ tí wọ́n fi di òróró náà. Wọ́n ń fi awọ àti eegun màlúù ṣe òmíràn, wọ́n ń fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe òmíràn, wọ́n sì ń fi ẹja ṣe òmíràn. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó gbé e mì, ẹ sì wá nọ́ńbà NAFDAC níbẹ̀.

Kì í ṣe àìtó áyódìn nìkan ló ń fa gẹ̀gẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ náà ń fa wàhálà. Nítorí náà ẹni tí ọrùn rẹ̀ wú, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá le bí òkúta, tàbí tí ohùn há, tàbí tí òkèlè kò lọ mọ́, kí ó má dúró de ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá sì ti ra òróró ẹja, ẹ mú ìgò rẹ̀ dání kí dókítà rí i, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.