Bí A Bá Di Àlejò Nínú Ìjọ Mìíràn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo Kristẹni inú ẹbí kan máa jọ́sìn lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Bàbá lè jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kí ìyá wá láti ilé Àgùdà, kí àbúrò wọn sì máa wọ sùtánà. Nítorí náà, ìgbéyàwó, ìsìnkú, tàbí iṣẹ́ tó gbé ènìyàn lọ sí ìlú mìíràn a máa sọ wá di àlejò nínú ilé Ọlọ́run tí a kò mọ ìlànà rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó yẹ kí a mọ díẹ̀ nínú ohun tí a ó bá pàdé, kí ọjọ́ ayọ̀ tàbí ọjọ́ ọ̀fọ̀ má baà di ọjọ́ ìbínú.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyàtọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Ìjọ Mímọ́ ti Kristi Láti Ọ̀run Wá, èyí tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní ọdún 1947, a kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn. Bákan náà ni ó rí nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925. Ìtàn Mósè nídìí igbó tó ń jó, nínú Ẹ́kísódù orí 3, ni wọ́n gbé àṣà náà lé. Nínú Ìjọ Mímọ́, ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀; obìnrin a máa borí, ẹni tó bá sì wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wọlé. Kò pọn dandan kí àlejò wọ sùtánà, ṣùgbọ́n kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ láìjẹ́ pé a rọ̀ ọ́.

Ibi tí ọkàn ti sábà máa ń gbọgbẹ́ jù lọ ni tábìlì Olúwa. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tó ń sin ìyá rẹ̀ ní ìjọ Kátólíìkì. Bí wọ́n bá ní kí ó má gba ara Olúwa, ó lè rò pé wọ́n ń lé òun kúrò nídìí òkú ìyá òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn Kátólíìkì, ẹni tó bá gbà á ń jẹ́rìí pé òun wà ní ìṣọ̀kan pípé pẹ̀lú ìjọ náà nínú ẹ̀kọ́ àti ìgbàgbọ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, àfi nínú ipò díẹ̀ tí òfin wọn là sílẹ̀. Àwọn ìjọ mìíràn náà ní ìlànà tiwọn lórí ẹni tó lè jẹ níbẹ̀. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó, kí ẹ gbàdúrà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n á ní kí ẹni tó kọ́kọ́ wá dìde, wọ́n á kọrin kí i, wọ́n á sì gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìkíni lásán ni. Ìdìdedúró yẹn kò sọ yín di ọmọ ìjọ wọn, ẹ sì lè kọ̀ láti fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù.

Onílé náà ní ojúṣe. Jákọ́bù, nínú orí 2 ìwé rẹ̀, bá àwọn tó ń fi aṣọ wọn àlejò wí. Kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣàlàyé ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ó má ṣe jágbe. Kí ìborí kan sì wà nítòsí fún obìnrin tí kò mú tirẹ̀ wá.

Nígbà tí a bá sì padà sí ìjọ tiwa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ohun tí a rí ṣe yẹ̀yẹ́. Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, nínú èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kó ipa ńlá, kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣí i ka níwájú yín, ẹ ó gbọ́ ohùn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí bàtà tilẹ̀ wà lóde.