Ilé, Ìjọ àti Ìpàdé: Wíwá Ojú Ọlọ́run ní Ẹ̀yìn Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń gbé ní àdúgbò Ìpàtà ní ìlú Ìlọrin wá bá òǹkọ̀wé yìí ní ọ́fíìsì. Aáwọ̀ lórí owó àti ipò ti pín ìjọ tí wọ́n bí i sí sí méjì. Apá kan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, apá kejì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ kò ṣe é gbàgbé: 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì wa pa ni n kò ti gbàdúrà mọ́. N kò mọ ibi tí mo ti lè rí Ọlọ́run.' Ẹni tí ń múra láti di olùkọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ilé ti ti Ọlọ́run mọ́lé pẹ̀lú, irú ẹ̀kọ́ wo ni yóò fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́?

Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun mẹ́ta tí a sábà máa ń dà pọ̀: ilé ìjọsìn, ìjọ tí ń lo ilé náà, àti ìpàdé ènìyàn pẹ̀lú Ọlọ́run. A ó wo ohun tí èdè àti àṣà Yorùbá fi hàn, a ó wo ohun tí ojú ń rí ní Ìlọrin, a ó sì yẹ ìtàn àwọn aládùúrà wò láti ọdún 1918 sí 1930.

Ohun tí Èdè àti Àṣà Fi Hàn

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, 'ṣọ́ọ̀ṣì' ni a ń pe ilé, òun náà ni a sì ń pe àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò da méjèèjì pọ̀. Láti ara 'jọ', èyí tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn wà pọ̀, ni a ti ṣẹ̀dá 'ìjọ'. Ìjọ lè túká kí ilé wà ní ìdúró. Ilé sì lè wó kí ìjọ ṣì máa pàdé.

Àṣà wa tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òrìṣà ní ojúbọ àti àwòrò, ṣùgbọ́n a kì í sábà rí ilé tí a kọ́ fún Olódùmarè. Ẹni tí a ń kì ní Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, ilé wo ni yóò gbà á? Nínú ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ lórí Olódùmarè, tí ó jáde ní 1962, ó ṣàpèjúwe irú ìsìn kan tí a ń ṣe sí Olódùmarè tààrà. Olùjọsìn yóò fi eérú tàbí ẹfun fa òbírí sí ilẹ̀, yóò da omi tútù sí inú rẹ̀, yóò sì gbé obì lé orí òwú ní àárín. Ìsìn náà kò ní ògiri, kò sì ní òrùlé.

Ó yẹ kí a rántí pé àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Ìdòwú fúnra rẹ̀, òun sì ni olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà láti 1972. Ní 1976, òfin tuntun tí ó fi bíṣọ́ọ̀bù àti oyè Pátíríákì lélẹ̀ mú kí àwọn kan nínú ìjọ kọ̀ jálẹ̀. Ìjọ pín sí méjì, kò sì tún padà di ọ̀kan títí di 1990. Ẹni tí ó kọ̀wé nípa òbírí ẹfun àti omi tútù kò bọ́ lọ́wọ́ aáwọ̀ ìjọ. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ nìkan kò gba ìjọ lọ́wọ́ ìjà.

Ohun tí Ojú Ń Rí ní Ìlọrin

Ẹni tí ó bá gba ọjà Ìpàtà kọjá ní àkókò ìrun ọ̀sán yóò rí oníṣòwò tí ó ṣe àlùwàlá, tí ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, tí ó sì kọjú sí Ọlọ́run rẹ̀ láàrin ariwo. Ìmọ̀ pé gbogbo ilẹ̀ mímọ́ ni a lè kírun lé jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ tí àwọn Mùsùlùmí gbà láti ọ̀dọ̀ Ànábì. Bákan náà, nígbà ọdún Iléyá, gbangba Yídì ni Ẹ́míà Ìlọrin àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń kírun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́sálásí ńlá wà nítòsí ààfin. Ọmọ Kristẹni tí ó dàgbà ní Ìpàtà ń rí èyí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè má rò pé ó kan òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó kàn án, nítorí ojú ọ̀nà ni Jákọ́bù wà, tí ó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí, nígbà tí ó mọ̀ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀.

Ìtàn Àwọn Aládùúrà

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku tí ó jà káàkiri àgbáyé dé ilẹ̀ wa. Ìjọba ti ilé ìjọsìn àti àwọn ibi ìpéjọ pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Joseph Ṣàdáre, ọ̀kan lára àwọn alàgbà ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's, kó ènìyàn díẹ̀ jọ láti máa gbàdúrà. Sófíà Ọdúnlámì, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì, àwọn wọ̀nyí ń tọ àwọn aláìsàn lọ. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà nítorí èdèkòyédè lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ìwòsàn nípa àdúrà.

Ní oṣù Okúdu 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó, Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de ọdún àwọn ìjọ Àgùdà. Lẹ́yìn èyí, ó wọ inú ìran, kò sì mọ ohun tí ń lọ ní àyíká rẹ̀. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, tí ó ti ń rin ìrìn àjò ìwàásù kiri, ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un. Inú ilé ìdílé ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Séráfù ti jáde. Ẹgbẹ́ àdúrà ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ń lọ sí ìjọ tí olúkúlùkù ti wá.

Ẹni kẹta sún mọ́ wa nílé. Odò-Ọ̀wá, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni a ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ojú ọ̀nà ni. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1928, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti sọ pé òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Ní oṣù Agẹmọ 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle péjọ sí Òkè-Oyè ní Iléṣà láti yanjú àwọn ọ̀rọ̀ tí ń fa ìyapa láàrin wọn. Ìtàn ìjọ sọ pé ìpàdé náà kò tíì parí tí ìsọjí fi bẹ́ sílẹ̀ ní ìta. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti ìlú dé ìlú.

Bí a bá fi àwọn ìtàn mẹ́ta yìí wé ara wọn, a ó rí i pé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ síra: ẹgbẹ́ àdúrà kékeré, ilé ìdílé, ojú ọ̀nà. Ohun tí ó dọ́gba ni pé níbi tí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú ni àwọn ènìyàn ti sọ pé àwọn mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn.

Ilé Tún Máa Ń Tẹ̀lé

A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ pé ilé àti ìjọ kò wúlò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí a dárúkọ tí ó dá nìkan wà. Síwájú sí i, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìta kì í pẹ́ wọlé. Orímọládé àti Àbíọ́dún pínyà ní 1929, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin péré. Ní Ìkéjì-Arákéjì, ní agbègbè tí Babalọlá ti gbọ́ ìpè, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ láti 2006. Ilé dára, ṣùgbọ́n ìpàdé ni ó ṣáájú rẹ̀. Ìṣòro máa ń dé nígbà tí a bá gbàgbé èyí tí ó ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti ya ilé, ìjọ àti ìpàdé sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àti nínú èrò. Lẹ́ẹ̀kejì, nínú kíláàsì tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jókòó pọ̀, kí ó lo Yídì àti òkúta Jákọ́bù ní àpẹẹrẹ láì fi ẹ̀sìn kan ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn 1918, kí ó ṣàlàyé pé àdúrà kò sọ ilé ìwòsàn di ọ̀tá.

Àsọkágbá

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ará Ìpàtà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ni pé kí ó má ṣe dúró de ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kí ó tó gbàdúrà, kí ó sì wá aláìsàn kan lọ bẹ̀ wò. Nígbà tí ó padà wá, ó ní òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn, tí méjì nínú wọn wá láti apá kejì ìjọ náà, ti ń lọ kí ìyá arúgbó kan ní ọjọ́ Àìkú. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà ní títì nígbà náà.