Bí Kámẹ́rà Tó Ń Ṣọ́ Ilé Bá Dákẹ́: Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Kaduna ṣe ibùgbé máa fi kámẹ́rà ṣọ́ ilé wa lóde òní. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé e sí ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú wọn, kí wọ́n lè máa ti ìhín wo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó dákẹ́ láìjẹ́ pé onílé mọ̀ burú ju àìní kámẹ́rà lọ, nítorí pé onílé ti fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí kò sí.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, wọn a sì lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà. Iná tó ń lò tàbí ọ̀nà tó ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ ni kò gún, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yóò sì dákẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kámẹ́rà aláìní wáyà ń fi àwòrán ránṣẹ́ nípasẹ̀ Wi-Fi. Nínú ilé tó tóbi, Wi-Fi inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kì í dé gbogbo yàrá títí dé ẹnu géètì. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní mesh: àpótí kékeré méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí tó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìyá, kí á sì pe àwọn yòókù ní ọmọ. Kámẹ́rà ẹnu géètì yóò gbé àwòrán fún ọmọ, ọmọ yóò gbé e fún ìyá, ìyá yóò sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó dé orí fóònù yín.

Bí ọmọ bá jìnnà jù sí ìyá, kámẹ́rà yóò máa sọ pé Wi-Fi òun kún dáadáa, nítorí pé ọmọ wà nítòsí rẹ̀, síbẹ̀ àwòrán kò ní í jáde. Nítorí náà, ibi méjì ni kí á máa wò: àárín kámẹ́rà àti ọmọ, àti àárín ọmọ àti ìyá.

OHUN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ, NÍ TẸ̀LÉŃTẸ̀LÉ

1. Iná ni àkọ́kọ́. Ó wọ́pọ̀ kí ìyá wà lórí inverter ní pálọ̀, kí ọmọ tó wà lókè sì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter kò dé. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ọmọ kú nìyẹn, kámẹ́rà tó gbára lé e sì di afọ́jú, bí iná tilẹ̀ wà lára kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ẹ tún wo ṣájà. Bí wọ́n bá kọ 5V 2A sí èyí tó bá kámẹ́rà wá, ẹ má fi ṣájà fóònù àtijọ́ tí kò ju 1A lọ rọ́pò rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tó ń kú tó ń jí bí ilẹ̀ bá ṣú, àìtó iná ló sábà ń fà á, nítorí pé gílóòbù tó fi ń ríran lókùnkùn a máa jẹ iná kún un. Wáyà ṣájà tó gùn tó sì tín-ínrín a máa fa irú rẹ̀ pẹ̀lú.

2. Ṣé gbogbo wọn ni, àbí ọ̀kan? Bí gbogbo kámẹ́rà bá dákẹ́ pọ̀, ẹ má tíì gun àkàbà. Ìyá ni kí ẹ lọ wò, tàbí bóyá dátà ti tán. Kámẹ́rà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2 Mbps láìdúró yóò jẹ nǹkan bíi 900 MB ní wákàtí kan, èyí tó lé ní 21 GB lóòjọ́. Ẹ fi mẹ́mọ̀rì káàdì sínú rẹ̀, kí ó máa tọ́jú àwòrán síbẹ̀, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ pé ìgbà tí nǹkan bá mira nìkan ni kí ó máa ránṣẹ́.

3. Lẹ́yìn tí iná bá dé. Èyí ló ń da onílé láàmú púpọ̀ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn àpótí kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà a so mọ́ èyí tó bá kọ́kọ́ rí, ó sì lè jẹ́ èyí tó jìnnà jù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í sì í kúrò níbẹ̀ mọ́, bí èyí tó sún mọ́ wọn tilẹ̀ jí. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 5 kí gbogbo àpótí jí tán, kí ẹ wá pa kámẹ́rà nìkan, kí ẹ sì tún un tàn. Àwọn mesh kan gbà kí onílé yan àpótí tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ so mọ́. Bí tiyín bá gbà á, ẹ lò ó.

4. Ògiri àti irin. Wi-Fi a máa la ògiri búlọ́ọ̀kù kan kọjá. Kọnkéré, géètì onírin, páànù àti táǹkì omi ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Ẹ gbé ọmọ sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí kámẹ́rà, ní nǹkan bí àárín méjì ìyá àti kámẹ́rà, kì í ṣe lẹ́yìn tẹlifíṣàn. Bí áàpù kámẹ́rà bá ń fi agbára Wi-Fi hàn ní dBm, -60 dára, -70 ń fẹ́ àtúnṣe, bí ó bá sì ti di -80, ẹ má retí àwòrán gidi.

5. Kámẹ́rà tuntun tó kọ̀ tí kò so. Ọ̀nà 2.4 GHz àti 5 GHz ni Wi-Fi sábà ń gbà. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n 2.4 GHz ló ń la ògiri dáadáa, òun nìkan sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà mọ̀. Bí fóònù tí ẹ fi ń ṣètò bá wà lórí 5 GHz, òun àti kámẹ́rà lè má rí ara wọn. Ẹ pa 5 GHz fún ìgbà díẹ̀, ẹ so kámẹ́rà, kí ẹ sì tún un tàn. Bí mesh bá wà lórí WPA3 nìkan, ẹ yí i sí èyí tó gba WPA2 àti WPA3 pọ̀.

6. Eruku ọyẹ́. Bí àwòrán òru bá funfun bí èéfín, kì í ṣe ẹ̀bi Wi-Fi. Eruku tàbí òwú aláǹtakùn ló bo ojú kámẹ́rà, tí iná rẹ̀ fi ń tàn padà sí i lójú. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ti tó láti nù ún.

Ẹ MÁ ṢÍLẸ̀KÙN FÚN OLÈ MÌÍRÀN

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti ráútà káàkiri àgbáyé, nítorí pé páswọ́ọ̀dù tó bá wọn wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi rí Twitter àti Netflix lò fún wákàtí mélòó kan. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà ní ọjọ́ tí ẹ bá ra kámẹ́rà. Bí áàpù bá sì ní àtúnṣe tuntun wà, ẹ gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà yín kọjá fẹ́ǹsì wọ àgbàlá aládùúgbò, nítorí pé aládùúgbò rere náà ń bá ni ṣọ́lé.

Ní ìparí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí olè yóò wá kí ẹ tó mọ̀ bóyá kámẹ́rà ń ríran. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan rìn kọjá níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ẹ wá pa Wi-Fi orí fóònù yín, kí ẹ fi dátà fóònù wo àwòrán náà, nítorí pé bí ẹ ó ti máa wò ó nìyẹn bí ẹ kò bá sí nílé. Bí ẹ bá rí i, ọ̀nà ṣí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná.

Ọlọ́run yóò máa bá wa ṣọ́ ilé àti ọ̀nà wa o.